Lẹ́tà Oníkùn Tí Bàbá Mi Kọ Sára Ògiri Ìjọ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá agolo ọ̀dà mọ́ra kí n tó lè gbé e, pátákó kíkọ ni iṣẹ́ bàbá mi. Átíìsì ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti Òkòkómáíkò títí dé Ìyànà-Ìbà. Bí onígerun bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ra bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kí wọ́n kọ àdúrà sí lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò bá ayé yẹn, ẹ ò sì lè mọ bó ṣe rí. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tẹ pátákó jáde nígbà náà. Ọwọ́ èèyàn ló kọ gbogbo ohun tí ojú ń kà ní títì.

Ilé ò tíì pọ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá yàrá gbà ní Ìbà ni. Iyanrìn funfun ni ilẹ̀ wa, igi àgbọn sì pọ̀ káàkiri. Iwájú ilé tí à ń gbé ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù kan tó nà síta, èmi ni mo sì máa ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí mo bá ti ilé-ìwé dé.

Oríṣi lẹ́tà méjì ló ń kọ. Ti àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán, rúlà ló fi ń fà á. Èyí ló máa ń kọ fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti lọ́yà. Èkejì jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Kì í lo rúlà fún un. Ṣọ́ọ̀kì ló máa fi fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Lẹ́tà náà á sanra nísàlẹ̀, ikùn rẹ̀ á yọ síta. Ọ̀kan á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òmíràn á gbé ẹsẹ̀ sókè. Bó bá kùn ún ní pupa tàbí búlúù tán, á fi ọ̀dà dúdú ṣe òjìji sí i ní apá kan, á wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán funfun díẹ̀ sí i léjìká, ibẹ̀ á sì máa dán bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ ka iye lẹ́tà, á wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé lẹ́tà tó sanra báyẹn máa ń jẹ ààyè. Àwa ọmọdé ń pè wọ́n ní lẹ́tà oníkùn.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àìsàn kan dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara mi gbóná bí ààrò. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀jọ́, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí ìdí mi fi le, síbẹ̀ àìsàn náà kò lọ bọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà, opó kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló máa ń jókòó tì mí bí màmá mi bá lọ sí ọjà. Nígbà tí Ọlọ́run ṣàánú tí mo dìde, mo gbọ́ tí màmá mi ń bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ níta, wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá ọmọ yìí jẹ́ ẹ̀jẹ́ o, Ìyá," màmá mi wí. "Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yìí sí, òun á fi iṣẹ́ ọwọ́ òun kọ ọpẹ́ sára ògiri ìjọ."

"Ó ṣe dáadáa," Ìyá Àgbà dáhùn. "Kó má fi falẹ̀ o."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ́ ọmọ! Bí kò bá wá san án, tàbí tí kò san án pé..."

Màmá mi kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ìbá sàn kó parí rẹ̀, nítorí èmi ni mo bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé orí ògiri yẹn ni ẹ̀mí mi wà. Bí iṣẹ́ náà bá dára, n ó yè. Bí kò bá dára, àìsàn náà mọ ọ̀nà ilé wa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ilé onípákó bọ́ sínú ilé alábúlọ́ọ̀kù nígbà náà. Wọ́n ti kun ògiri tó wà lẹ́yìn àga ìwàásù ní funfun, Ìkórè sì ń bọ̀, tí àwọn àgbà láti ìjọ tó bí tiwa máa wá bá wa ṣe é. Ẹni tó ń bójú tó ilé náà ni díákónì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bàbá kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í hunjọ láé. Òun náà ló ń kọ́ àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Àgbà ti lọ sí kíláàsì yẹn fún ọdún méjì kó tó fi í sílẹ̀ láìmọ̀wé kà.

Díákónì yìí fún bàbá mi ní ohun tó máa kọ: OLÚWA, A DÚPẸ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Átíìsì," ó wí, "lẹ́tà tó dúró dáadáa ni mo fẹ́ o. Mi ò fẹ́ èyí tó ń jó."

"Mo ti gbọ́, sà," bàbá mi dáhùn.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ìkórè ni a lọ. Èmi ni mo di àkàsọ̀ mú nílẹ̀. Bàbá mi fi rúlà fa lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, ó kun márùn-ún nínú rẹ̀ ní dúdú, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn títí dé ìdí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Ó ń wò ó láti ibẹ̀.

"Ọmọ mi, wá wò ó. Kí ló jọ lójú tìrẹ?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ì bá ṣe pé mo dákẹ́! Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá nígbà náà. Mo ní, "Ó jọ èyí tí wọ́n kọ sára ilé tó wà ní kọ́nà, pé ilé yìí kì í ṣe fún títà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní, "O ò purọ́." Ó ki àkísà bọ inú kẹrosíìnì, ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún ibẹ̀ kùn ní funfun, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì láì mú rúlà. Lẹ́tà oníkùn ló fà. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ló fi kùn ún ní pupa pẹ̀lú òjìji dúdú, mo sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mo rántí ohun tí díákónì sọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, a ń kó agolo wa jọ nígbà tí díákónì wọlé. Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Kí lèyí?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Iṣẹ́ náà ló parí yẹn, sà."

"Mo ní kí lèyí, Átíìsì? Ilé ìjọsìn lẹ kọ ọ́ sí àbí ilé ọtí? Lẹ́tà A yẹn, mo mọ̀ ọ́n! Ó wà lára ilé ọtí tó wà níwájú gáréèjì! Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tó ń ta mí nípàá!"

"Sà, èmi ni mo kọ ìyẹn náà..."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni! Ta tún ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àlejò wa jókòó tán kí wọ́n máa béèrè ọtí àti ọbẹ̀ ata ni?"

Bàbá mi tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ̀jẹ́ ni, sà."

"Ẹ̀jẹ́ kẹ̀? Ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé ẹ máa kọ lẹ́tà ọlọ́tí sínú ilé rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀dà funfun. Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ó sàn kí ògiri wà lófìfo."

Bàbá mi kò jiyàn. Ó ní kí n dúró ti àkàsọ̀, òun ń lọ mú ọ̀dà wá láti ilé, díákónì sì bá a lọ kí ó lè rí i pé òótọ́ ló lọ. Bí wọ́n ti yà ní kọ́nà, mo fi ọwọ́ kan iwájú orí mi. Mo rò pé ó gbóná. Mo tún fọwọ́ kàn án, ó dà bíi pé ó gbóná sí i. Mo bá fi àkàsọ̀ sílẹ̀, mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ pa á rẹ́! Ṣé mo máa kú?"

"Kí lò ń wí? Ta ló fẹ́ pa ta?"

"Ògiri ni. Ẹ̀jẹ́ bàbá mi. Èmi ni mo fà á, èmi ni mo ní ti àkọ́kọ́ kò dára. Ẹ fọwọ́ kan orí mi, ó ti ń gbóná."

Ó fọwọ́ kan orí mi. "Eré tí o sá nínú oòrùn ló ń gbóná. Ta ló sọ ìsọkúsọ yìí fún ẹ?" Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá ọ̀pá rẹ̀. "Mú mi lọ wo ògiri náà. Ẹni tí mo gbé sórí ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ògiri kan kò lè gbà á lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí a débẹ̀, ó dúró níwájú ògiri, ó ń wo òkè.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ó béèrè.

N kò mọ ohun tó sún mi tí n kò fi kà á fún un ní kíá. Bóyá nítorí pé n kò fẹ́ kí ó tètè tán. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wo ti àkọ́kọ́ yẹn, O ni. Ẹ wò ó bó ṣe ya ẹnu."

"Bí ọmọ tó fẹ́ gba oúnjẹ," ó wí.

"Èyí tó tẹ̀lé e ni L. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀."

"Èmi gan-an nìyẹn. Orúnkún ń dùn ún."

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Ó ní U dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀. Ó ní W ni ẹni tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń dúpẹ́. A ló gbé ẹsẹ̀, ó ní ìyẹn ti jẹun yó. D lóyún. P ru ẹrù, ẹrù náà sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tí a dé orí Ẹ, ó rí àmì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eléyìí ti yé ẹyin kan sílẹ̀." Ọ̀pá rẹ̀ ló fi ń tọ́ka sí wọn, mo sì ń bẹ̀rù kó má lọ fi ha ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ó ní ká tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a padà lẹ́ẹ̀kẹta, ìró ẹsẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà funfun dání. Ojú rẹ̀ kò ṣeé wò. Díákónì tẹ̀lé e.

"Díákónì, ẹ kú iṣẹ́," Ìyá Àgbà wí láì yíjú padà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó díẹ̀. Mo fẹ́ kàwé."

"Ẹ̀yin, Ìyá? Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ pa rẹ́."

Ó gbé ọ̀pá sókè. "O. L. U..." Ó mí kanlẹ̀. "O-lú... O-lú-wa." Ó sinmi. "A..." Ó tún sinmi. "A... dú..." Ó dé orí P, ó dúró. N kò lè mí. Mo ya ẹnu láti sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n díákónì na ọwọ́ sí mi kíákíá, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Dákẹ́. Má sọ fún un."

Ìgbà yẹn ni mo wo ojú rẹ̀. Òun náà kò mí.

"Ẹ dúró o," Ìyá Àgbà ń dá sọ̀rọ̀. "Eléyìí ru ẹrù... ó ru ẹrù... Pẹ́! Dúpẹ́! Olúwa, a dúpẹ́!" Ó yíjú sí wa, omi ti bo ojú rẹ̀. "Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," díákónì dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ta ló kọ́ yín?"

"Ọmọ yìí ni, láàárín ìgbà tí ẹ lọ gbé ọ̀dà. Ẹ má bínú, Díákónì. Ẹ̀yin náà gbìyànjú lórí mi, ọdún méjì kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tiyín rí bí igi ọgbà lójú mi ni. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, n kì í mọ èwo ni èwo. Àwọn wọ̀nyí, oníkálukú ló ní ojú tirẹ̀."

Díákónì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wá ní, "Átíìsì, ẹ gbé ọ̀dà yẹn sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá bá wa wí lọ́la, ẹ̀yin ni màá nawọ́ sí o. Mi ò ní bá yín rù ú."

Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi balẹ̀? Kò balẹ̀ rárá. Wọ́n kàn sún ẹjọ́ náà síwájú ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, n kò lè jẹ àkàrà tí màmá mi fún mi. Mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ń fọwọ́ kan iwájú orí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò wọlé pẹ̀lú orin. Olórí wọn, bàbá sísanra kan tó wọ gíláàsì, gun ibi àga ìwàásù. Ó yíjú sẹ́yìn, ó rí ògiri. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló kọ eléyìí?" ó béèrè.

Díákónì dìde. Mo wo bàbá mi, mo rí i tó ti ń gbára dì láti dìde. Mo di bẹ́ǹṣì mú.

"Àwa ni, sà," díákónì wí. "Ìjọ wa ni."

Àlejò náà tún wo ògiri. Ó ní, "Ó dára. Ó hàn pé inú yín dùn nígbà tí ẹ ń kọ ọ́." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ní ká gbàdúrà.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn èèyàn ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè jáde, díákónì wá bá bàbá mi ní ìdí àkàsọ̀ tí a fi sílẹ̀ síbẹ̀ lánàá. Kò yìn ín. Ó kàn ní, "Átíìsì, A kejì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀." Bàbá mi ní, "Ó ti di ṣíṣe, sà," wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Bí a ti ń lọ sílé ni mo sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi fún bàbá mi. Ó dúró lórí iyanrìn, ó gbé agolo sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba.

"Ọjọ́ tí o mu ẹ̀kọ tán, tí o ní kí wọ́n bu òmíràn, ni mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀," ó wí. "Kì í ṣe pé ó ń dúró de ògiri. Èmi ni mo fẹ́ fi èyí tó dára jù lọ́wọ́ mi dúpẹ́. Ìdí tí mo fi nu ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ."

Mo sọkún títí a fi délé, ṣùgbọ́n mo jẹ àkàrà náà tútù, gbogbo rẹ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an. Wọ́n ti wó ilé ìjọ yẹn, wọ́n ti kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, bàbá mi àti Ìyá Àgbà sì ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Nísinsìnyí, bí ẹ bá fẹ́ pátákó, ẹ ó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìyànà-Ìbà. Kí ẹ tó jẹ àgbàdo sísun kan tán, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. N kò bú ayé tuntun. Ó yá, ó mọ́, àkàsọ̀ kò sì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Mo dúpẹ́ fún un.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ tẹ ìwé ìpè ìdúpẹ́ kan níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi oríṣiríṣi lẹ́tà hàn mí, ó ń yí wọn lọ sókè sódò. Ojú mi wá bá ọ̀kan tó sanra, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó ń ṣeré bí ẹni pé ọwọ́ ló fà á. Mo ní kó dúró.

"Ta ló kọ èyí?" mo béèrè.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ o. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

"Ó ní ẹni tó kọ ọ́, ọmọ mi," mo wí. "Ibì kan wà tí ẹnì kan jókòó sí tó fà á, tó nù ún kúrò, tó tún un fà, tó sì ń bẹ̀rù pé bóyá àwọn èèyàn ò ní fẹ́ ẹ."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé kí òun lo ìyẹn. Mo ní kó lò ó. Bí ẹ̀rọ náà ti ń pọ ìwé jáde, mo di ojú mi níbi tí mo jókòó sí, mo sì gbàdúrà fún ẹni náà, n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ìlú rẹ̀, pé níbikíbi tó bá wà, kí Ọlọ́run fi í lọ́kàn balẹ̀.